Ọkọ̀ Òfurufú Tí Mo Fi Igi Arère Gbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná. Mi ò lè máa bá ẹ̀rọ du ọ̀rọ̀ sọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí n sọ ìtàn ọkọ̀ òfurufú tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, èyí tí mi ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú yín fọwọ́ kàn láti kékeré yín. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti mọ̀ pé inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá ń retí pé n ó parí rẹ̀ sí "mo ti dárí jì í", kó yáa lọ gba ìtàn mìíràn lọ́wọ́ ìyá yín àgbà.

Ní Rumuigbo tí a wà yìí, nílẹ̀ Ikwerre, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ pátákó. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin jí, ẹ bá fléèsì, ike pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde kí èèyàn tó mu omi tán. Láyé tiwa, bí onígbàjámọ̀ bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. N ó ya orí ọkùnrin mẹ́rin fún un, orí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irun tirẹ̀. Bí ẹni tó ń ta ẹja yíyan bá fẹ́ pátákó, n ó ya ẹja tí ológbò á wá jókòó sídìí rẹ̀. Láàárọ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ní ìsọ̀ mi ni ìró sáńpépà lára pákó, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, lẹ́yìn náà ìró agolo ọ̀dà tí a ń fi ìṣó ṣí, lẹ́yìn náà rédíò. Òórùn tínà tí a fi ń po ọ̀dà ni òórùn ara mi. Ìyá yín àgbà ní imú lòun fi ń mọ̀ pé mo ti dé, kì í ṣe ojú.

Ẹ rántí pé mi ò gbọ́ òyìnbó. Pijin tèmi náà, bí mo bá sọ ọ́, àwọn ará ibí a máa di ẹ̀rín mọ́nú nítorí kí wọ́n má baà rí mi fín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Pijin lá àlá lónìí, ẹ kò lè mọ ohun tí ó ń ṣe èèyàn láti jẹ́ odi nínú ìlú onílùú. Nítorí náà mo mú Làtí mọ́ra. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, àbúrò ni mo fi ṣe, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Ó gbọ́ òyìnbó, ó gbọ́ Pijin, ó tún ń gbọ́ Ikwerre, èdè àwọn onílẹ̀ ibí, díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, èmi ń yàwòrán. Èmi ni ọwọ́, òun ni ẹnu. Kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnu ló ń jẹ ohun tí ọwọ́ bá sè.

Oníbàárà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Tísà. Ọmọ Ikwerre ni, láti Rumuolumeni, ó sì jẹ́ ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ kan nígbà náà. Mo ti kọ pátákó ilé ẹ̀kọ́ náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kan ó wá, kò bèèrè pátákó. Ó jókòó sórí agolo ọ̀dà, ó ní kí Làtí máa túmọ̀ fún mi. Ó ní nígbà ogun abẹ́lé, òun jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin wà lóko ẹ̀gẹ́. Ọkọ̀ òfurufú ogun kan rọ̀ wálẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó fò lọ lórí àwọn tó bẹ́ẹ̀ tí ewé ẹ̀gẹ́ fi dojú bolẹ̀. Òun rí orí ẹni tó ń wà á. Orí náà yí, ó wo òun. Ọkọ̀ náà yí padà, ó yìnbọn. Òun dìde, ẹ̀gbọ́n òun kò dìde. Tísà wá ní kí n gbẹ́ ọkọ̀ náà fún òun, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, kí n sì sọ ọ́ di kékeré. Ó ní òun fẹ́ dúró lé e lórí lójoojúmọ́ bó ṣe dúró lé òun lórí.

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi láìjẹ́ pé Làtí túmọ̀ rẹ̀ dé ìdajì. Ẹ̀san kò ní èdè. Mo ní n ó ṣe é.

Arère ni mo lò, nítorí arère fúyẹ́, kì í bá abẹ jà. Tísà mú àwòrán kan tó gé láti inú ìwé ìròyìn wá, ó sì fi ohun tí ojú rẹ̀ rí kún un. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lára ọkọ̀ gidi ni mo sọ di ẹsẹ̀ bàtà kan, tó fi jẹ́ pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ díẹ̀. Imú rẹ̀ là gbayawu bí ẹnu ẹja. Apá rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sẹ́yìn. Ìbọn mẹ́ta ló wà lábẹ́ imú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ọ̀pá inú bírò tó ti gbẹ ni mo fi ṣe wọ́n. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì gé táyà rẹ̀ lára sílípáàsì ìyá yín àgbà, ìjà ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ibi tí irin ti pàdé irin lára ọkọ̀ gidi, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa gbogbo rẹ̀. Orí ìṣó kéékèèké tó de irin náà pọ̀, mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọrùn mi fi fẹ́ kán.

Ọ̀dà sílífà ni mo kùn ún. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń fọ̀ ọ́ ní sáńpépà láàárín. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé e síta kó gbẹ, ni adìyẹ aládùúgbò bá gun orí apá rẹ̀, ó rìn ín já láti òpin dé òpin. Mo fọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, mo tún un kùn. Mo ra adìyẹ náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ẹ ti rí irú ẹni tí mo jẹ́ báyìí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, mo fi dúdú ojú àtùpà pa ẹnu àwọn ìbọn náà, nítorí Tísà ní wọ́n ti yìn wọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ìdérí ibi tí awakọ̀ ń jókòó ló gba sùúrù jù. Mo gbẹ́ igi sí bó ṣe yẹ kó rí, mo fi iná sítóòfù rọ ike ìgò omi, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi náà. Mẹ́fà ló bàjẹ́ kí ìkeje tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Mo ṣe é kó lè máa ṣí kó sì máa padé.

Ó wá ku awakọ̀. Tísà ní dandan, ó gbọ́dọ̀ ní èèyàn nínú. Orí rẹ̀ kò ju awẹ́ obì kan lọ. Mo fi akoto dé e lórí, mo fi ìbòjú bo imú, ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí àwọn awakọ̀ òfurufú ogun ṣe ń bò ó, mo sì fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kan ìbòjú náà mọ́ etí òsì, kó lè yí sílẹ̀. Nítorí mo ti gbẹ́ ojú sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá mi àgbà, tó ń gbẹ́ odó àti ìlẹ̀kùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbẹ́ ojú ẹnìkan rí láìkọ ilà fún un. Ó ní ojú tí kò ní ilà, ta ni yóò mọ ilé tó ti jáde? Ojú wo ni èmi sì mọ̀ dunjú bí kò ṣe tèmi tí mò ń rí nínú dígí? Mo mú abẹ tó mú jù, mo kọ gọ̀ǹbọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, mo fa ìbàámú láti imú rẹ̀ wá sápá òsì, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń wò ó lójú mi yìí. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kò ṣe rere fún Tísà. N kò ronú jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí, mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi mọ̀ mí. Mo pa ìbòjú dé, n kò sọ fún Làtí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣe é. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tí n ó gbé e lọ fún Tísà ni wọ́n ránṣẹ́ láti ilé pé ìyá mi ti kú. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé Làtí lọ́wọ́, mo wọkọ̀. Ogójì ọjọ́ ni mo lò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Làtí gbé ọkọ̀ náà lọ sí ayẹyẹ òpin ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ Tísà. Gbogbo àwọn òbí dúró yí i ká, wọ́n ń bèèrè ẹni tó ṣe é. Làtí ní òun ni. Ó ní èmi ń bá òun gé igi, mo sì máa ń bá òun po ọ̀dà. Tísà náà gbà á gbọ́, nítorí kò bá mi nídìí iṣẹ́ náà rí, ẹnu Làtí ló sì ti ń gbọ́ gbogbo ìdáhùn mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára páànù kékeré, wọ́n kàn án mọ́ ìdí ọkọ̀ náà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Nígbà tí mo fi padà dé, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì, ó kọjú sí tèmi gan-an, àwọn oníbàárà mi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Mo lọ bá Tísà. Mo fi Pijin mi tó ń ṣẹ́ apá ṣẹ́ ẹsẹ̀ sọ pé èmi ni mo ṣe é. Tísà wò mí tàánútàánú. Ó ní Làtí ti sọ fún òun pé n ó wá sọ bẹ́ẹ̀, pé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, orí mi kò pé mọ́. Ẹ gbọ́ o. Ó fi ikú ìyá mi bo olè rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì títí di òní. Mo ní kí Tísà ṣí ìdérí, kó yí ìbòjú awakọ̀ sílẹ̀, yóò rí ojú mi níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tì í, kò ṣí. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yíká. Mo ní kó jẹ́ kí n fi abẹ là á. Tísà dìde dúró láàárín èmi àti ọkọ̀ náà.

"Nobody go break my plane," ló wí.

Ilé ẹ̀san ni mo wá ń gbé láti ọjọ́ náà. Bí a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, n ó yí sáfù mi padà, kí a má baà kírun lórí ìlà kan náà. Ó sọ ọmọ lórúkọ, n kò lọ. Nígbà tí Iléyá ọdún yẹn dé, tí gbogbo Yorùbá tó wà ní Rumuigbo ń pọ́n ọ̀bẹ wọn, mo gbé ọ̀dà mi jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán dáadáa, mo ya ọkọ̀ òfurufú náà sára ògiri ìsọ̀ mi, níbi tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Làtí. Mo ya awakọ̀ sínú rẹ̀ láìní ìbòjú, gọ̀ǹbọ́ rẹ̀ nípọn tó ìka ọwọ́. Òjò a fọ̀ ọ́, oòrùn a pa á, ọdún a yí po, n ó tún un yà ní àárọ̀ Iléyá. Lẹ́yìn ọdún kẹta, Làtí kó lọ sí Rumuokwurushi. Ó ní ibẹ̀ tajà ju ibí lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. N kò sì dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ayé ń lọ. Fléèsì dé. Ta ló kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀ láàárín wa? Làtí ni. Ohun tó ń gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí kan ló fi ń ṣe é. Ìsọ̀ àwọn akọ̀wé pátákó kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan lọ ń gun ọ̀kadà, ẹnìkan padà sílé lọ dáko. Nígbà tó yá ni àfọ́ dúdú, ìdọ̀tí èéfín epo rọ̀bì, tún bẹ̀rẹ̀ sí í já láti ojú ọ̀run, èyí tí ẹ ń nù kúrò lórí àga láàárọ̀. Ọ̀dà kò lè gbẹ kí ó má lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mò ń wí fún ara mi pé ọjọ́ ogbó ló dé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ní ọdún kejìdínlógún tí ọkọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Tísà ránṣẹ́ sí èmi àti Làtí pọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, àìsàn ti so ó mọ́ àga ní ilé rẹ̀ ní Rumuolumeni. Ọkọ̀ òfurufú náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Làtí wọ léèsì funfun, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wà á wá. Tísà sọ fún mi pé lọ́dọọdún lòun ń gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá, lọ́dọọdún lòun ń rí i tí ògiri yẹn ń di tuntun.

"Person wey craze dey tire," ó wí. "You no tire."

Ó ní òun kò bẹ̀rù ọkọ̀ náà mọ́. Ó gbé abẹ kan sórí tábìlì, ó ní kí ẹni tó ṣe é ṣí i.

Làtí ní yóò bàjẹ́. Tísà ní kó bàjẹ́. Làtí bá kọjú sí mi, ó sọ Yorùbá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nílé. Ẹ má tú mi síta lójú ọmọ mi."

Mo wo ọmọ náà. Mo rántí ìyá mi. Mo mú abẹ náà.

Ike ìkeje yẹn, tí mo fi mẹ́fà wá, mo là á gààràgà. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí tábìlì. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọmọ mi ni mò ń pa. Mo fi èékánná yí ìbòjú náà sílẹ̀ láti etí òsì. Tísà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó wo awakọ̀ náà, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Làtí tó ń dán bọ̀rọ̀, nítorí wọn kò kọ ilà fún un. Làtí dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú léèsì funfun. Ọmọ rẹ̀ jáde síta.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé láti jókòó.

Ohun kan ló ń rú mi lójú. Mo bi Làtí pé nígbà tó lè lẹ ìdérí pa, ó ti rí ilà náà nìyẹn. Kí ló dé tí kò fi abẹ ha á dànù? Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà á, n kì bá sì ní ẹ̀rí kankan láyé.

Kò gbé orí sókè. "Mo mú abẹ, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ò lọ. Ta ló ń ha ilà kúrò lójú ọmọ ẹlòmíràn?"

Ẹ wo olè. Ó jí iṣẹ́ mi, ó jí orúkọ mi, ó ní orí mi kò pé, ṣùgbọ́n kò lè ha ilà. Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú wa ló kọ́ ọ níyẹn. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ Làtí.

Tísà wá fa ọkọ̀ náà súnmọ́ra. Ó ń wo awakọ̀ náà ṣáá, lẹ́yìn náà ó wò mí, kì í ṣe bó ṣe máa ń wò mí tẹ́lẹ̀.

"So na you," ó wí jẹ́ẹ́. "Every morning wey God give, I dey stand for here curse this man. I curse him hand. I curse him eye. I curse the work wey him dey do. Na your face I dey curse."

Pijin mi kò dára, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ọdún méjìdínlógún, láàárọ̀ láàárọ̀. Ọwọ́, ojú, iṣẹ́. Mo wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ní kí Tísà jọ̀ọ́, kó kó gbogbo rẹ̀, kó dà á lé Làtí lórí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tísà mi orí rẹ̀. Ó ní "I no sabi how dem dey turn am." Ó yọ páànù orúkọ Làtí kúrò, ó gbé ọkọ̀ náà fún mi, ó ní kí n máa gbé e lọ, pé òun kò lè máa wo ojú mi kí òun tún máa rántí ẹ̀gbọ́n òun. Kò pẹ́ tó fi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo dúró sí.

Làtí kò pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà mọ́. Ní gbogbo Iléyá ló ń fi àgbò ránṣẹ́ sí mi. Mò ń gbà á, mò ń pa á, ẹ̀yin náà ń jẹ níbẹ̀. N kò dúpẹ́ rí.

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ló dé tí n kò fi ṣe ìdérí mìíràn fún un, nígbà tí ìgò omi kún ilẹ̀. Mo fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ni, kí ojú náà máa hàn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń gbé àga síwájú rẹ̀. Tísà fi ọ̀nà kan hàn mí, mo fẹ́ tọ̀ ọ́. Mo fẹ́ ṣépè fún Làtí, kí n dárúkọ ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, bí Tísà ṣe ń ṣe é. N ó dìde dúró lé ọkọ̀ náà lórí, n ó la ẹnu. Awakọ̀ náà yóò sì gbójú sókè wò mí, pẹ̀lú gọ̀ǹbọ́ bàbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. N ó pa ẹnu dé. N ó fi etí aṣọ mi nu àfọ́ kúrò lójú rẹ̀.